Ìbọn Tó Kọ̀ Lójú Ogun Kírìjì

Nínú ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọn kò sì tú ibùdó rẹ̀ ká títí di 1893, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ ọ́ pé ìbọn Èkìtìparapọ̀ ń ròkè réré ju ti Ìbàdàn lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó fún máàkì kíkún. Báwo ni iná ṣe ń dé inú ìbọn?

Ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn ń lò. Láti ẹnu ni wọ́n ti ń kì í (ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà “kì” ti bá iṣẹ́ rẹ̀ mu jù). Òkúta yóò ṣáná sí ẹ̀tù díẹ̀ nínú àwo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ìbọn, iná yóò sì gba ihò tín-ínrín wọlé. Bí òkúta kò bá ta iná, etí rẹ̀ ti kú. Ṣíṣá ni a ó ṣá a kó lè mú. Bó bá ta iná tí ẹ̀tù àwo kò gbà á, ẹ̀tù ti rin. Èyí tó burú jù ni kí ẹ̀tù àwo gbiná, kí ìbọn má dún: ihò ti dí. Ẹ̀tù dúdú kì í jó tán. Èérí rẹ̀ a lẹ̀ mọ́ inú ìbọn, a sì máa fa omi mọ́ra. Wáyà ni a fi ń yọ ihò náà, omi gbígbóná ni a fi ń fọ ìbọn. Ta ní ráyè èyí lójú ogun, àgàgà nígbà òjò?

Ìbọn tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó fi ránṣẹ́ sílé ń gba ọta láti ìdí. Ẹ̀tù, ọta àti ohun tí ń tanná wà pọ̀ nínú páálí onídẹ kan, omi kò sì tètè dé ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi èyí kún ìdáhùn rẹ̀ ló gba máàkì tó kù.