Òfin Ìbọn àti Àwọn Tó Ń Lo Oògùn Olóró ní Amẹ́ríkà

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ka ẹni tó ń lo oògùn olóró mọ́ àwọn tí kò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọta ìbọn lọ́wọ́. Inú òfin ìbọn ọdún 1968 ni èèwọ̀ yìí ti wá, ọdún tí wọ́n yìnbọn pa Martin Luther King àti Robert Kennedy. Ní 2022 ni wọ́n fi kún ìjìyà rẹ̀: ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 15 ló ń dúró de ẹni tó bá rú u.

Àwọn oògùn tí òfin 1970 tò sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn: igbó, kokéènì, heroin àti irú wọn. Ọtí àti tábà kò sí níbẹ̀, nítorí náà òfin yìí kò di ọ̀mùtí paraku lọ́wọ́.

Igbó ló dá wàhálà sílẹ̀ jù. California gbà á láàyè fún ìtọ́jú aláìsàn láti 1996; Colorado àti Washington gbà á fún gbogbo àgbàlagbà ní 2012, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì tẹ̀lé wọn. Ìyẹn kò yí òfin ìbọn padà. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìbọn ní ṣọ́ọ̀bù yóò kọ́kọ́ kún fọ́ọ̀mù 4473, tó ń bi í bóyá ó ń lo oògùn olóró. Ìkìlọ̀ wà lára ìbéèrè náà gan-an pé igbó ṣì lòdì sófin àpapọ̀, ìpínlẹ̀ ìbáà fàyè gbà á. Ẹni tó bá purọ́ síbẹ̀ ti dá ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn.

Ibi tí òfin náà ti mẹ́hẹ ni pé kò sọ ìgbà tí ènìyàn di "ẹni tó ń lo oògùn". Àwọn ilé-ẹjọ́ ní kì í ṣe ẹni tó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ máa lò ó lemọ́lemọ́, lásìkò tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí kò rọrùn láti fi hàn. Nínú ẹjọ́ Hunter Biden, tó ra ìbọn ní Delaware ní oṣù kẹwàá 2018, ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa ìgbésí ayé rẹ̀ ni olùpẹjọ́ fi ta kò ó. Wọ́n dá a lẹ́bi ní oṣù kẹfà 2024. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà foríjì í ní oṣù kejìlá ọdún kan náà.

Láti 2022, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ní òfin ìbọn gbọ́dọ̀ bá ìṣe àtijọ́ ilẹ̀ náà mu. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó ń gbọ́ ẹjọ́ Texas, Louisiana àti Mississippi gba ibẹ̀ wọlé: àtijọ́ gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí ọtí ń pa lọ́wọ́, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ ti dá. Ní oṣù kẹwàá 2025, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ gbà láti gbọ́ ẹjọ́ ará Texas kan lórí ọ̀rọ̀ yìí.