Láti Ilé Ìtẹ̀wé dé Yunifásítì: Ìtàn Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Iṣẹ́ Ìròyìn ní Nàìjíríà àti Ohun tí Wọ́n Ń Lépa

Ìfáàrà

Bí a bá bi ọ̀dọ́ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní yunifásítì kan ní Nàìjíríà lónìí ní ohun tí ó fẹ́ fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe, ó ṣeé ṣe kí ó dárúkọ rédíò, tẹlifíṣàn, ilé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà tàbí ipò alukoro ní báǹkì kí ó tó dárúkọ ìwé ìròyìn. Bí ó bá sì dárúkọ ìwé ìròyìn, ó ṣọ̀wọ́n kí ó jẹ́ èyí tí a fi èdè Yorùbá kọ. Ọ̀rọ̀ náà tó gbé yẹ̀wò, nítorí pé èdè Yorùbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn ní ilẹ̀ yìí. Iṣẹ́ yìí tọpasẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ́ akọ̀ròyìn níṣẹ́ láti ọdún 1859 títí di òní, ó sì wo ohun tí àwọn tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ náà ń fojú sọ́nà fún ní sáà kọ̀ọ̀kan. Kókó rẹ̀ ni pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lépa kì í ti inú ọkàn rẹ̀ nìkan wá. Ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ, èdè tí wọ́n fi kọ́ ọ, àti ẹni tí yóò san owó iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń la ọ̀nà tí ìfẹ́ rẹ̀ ń gbà.

Ilé ìtẹ̀wé gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹ̀kọ́

Ní ọdún 1854 ni Àlùfáà Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ títo lẹ́tà àti títẹ ìwé. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, ọdún 1859, Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde láti ibẹ̀. Owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á. Ìròyìn ìjọ, ọ̀rọ̀ òwò àti iye tí wọ́n ń ta òwú wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kún un.

Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ni a lè pè ní akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n mọ̀ pé àwọn ń kọ́. Bí ọmọ alágbẹ̀dẹ ṣe ń kọ́ iṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ewìrì ni wọ́n ṣe kọ́ tiwọn ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ìwé kíkà kò tí ì wọ́pọ̀ nígbà náà, nítorí náà ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà, tí ó sì mọ̀ ọ́n tẹ̀, ti rí ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà ọlá pọ̀. Rògbòdìyàn Ìfọ́lé ọdún 1867 ló fòpin sí ìwé ìròyìn náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìkọ́ṣẹ́ náà kò parẹ́. Robert Campbell, tí ó bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Anglo-African ní Èkó ní 1863, ti kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Jàmáíkà kí ó tó dé. Fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ilé-iṣẹ́ ìròyìn fúnra rẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ akọ̀ròyìn.

Olóòtú, olówò àti olóṣèlú

Láàrin ọdún 1922 sí 1928, àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá tún gbérí lákọ̀tun. Adéoyè Dẹ́nígà bẹ̀rẹ̀ Èkó Àkéte ní 1922, E. A. Akíntàn bẹ̀rẹ̀ Ẹlẹ́tí-Ọfẹ ní 1923, D. A. Ọbasá bẹ̀rẹ̀ Yorùbá News ní Ìbàdàn ní 1924, Isaac B. Thomas sì bẹ̀rẹ̀ Akéde Èkó ní 1928. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ ọ̀kankan nínú wọn bí a ti ń ṣe olóòtú. Ẹni kan náà ni ó ń wá ìròyìn, tí ó ń kọ ọ́, tí ó ń wá olùpolówó ọjà, tí ó sì ń bẹ àwọn tí wọ́n ra ìwé láwìn kí wọ́n san gbèsè. Ìwé ìròyìn wọn kò yàtọ̀ sí lítíréṣọ̀. Ọbasá jẹ́ akéwì, inú Akéde Èkó ni lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ sì ti kọ́kọ́ jáde kí ó tó di ìwé ní 1930. Ọ̀dọ́ tí ó bá ń wo àwọn wọ̀nyí yóò rí i pé ẹni tí ó ń kọ ìròyìn lè di òǹkọ̀wé tí gbogbo ìlú mọ̀, ní èdè tí ìyá rẹ̀ gbọ́.

Nígbà tí ìjà òmìnira gbóná, àpẹẹrẹ mìíràn yọjú. Nnamdi Azikiwe kàwé ní Amẹ́ríkà, ó ṣe olóòtú ní Accra, ó sì bẹ̀rẹ̀ West African Pilot ní Èkó ní 1937. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọ́ iṣẹ́ akọ̀ròyìn ní Nigerian Daily Times ní 1934, ó sì dá Nigerian Tribune sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1949. Ẹni ọdún 21 ni Anthony Enahoro nígbà tí ó di olóòtú Southern Nigerian Defender ní 1944. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀nà ìṣèlú ni iṣẹ́ ìròyìn jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́. Ẹni tí ó wọ iyàrá ìròyìn lè rò pé òun ń lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Bákan náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ìwé ìròyìn ńlá wọ̀nyí fi ń bá ìjọba amúnisìn jà. Bí agbára ṣe ń bá èdè náà rìn ni ojú àwọn ọ̀dọ́ ń ṣí kúrò lára ìwé ìròyìn Yorùbá.

Yunifásítì tí kò ní ẹ̀ka ìròyìn

Nígbà tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, kò sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìròyìn nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò dúró de ẹ̀ka kankan. Chinua Achebe ṣe olóòtú University Herald, Wọlé Ṣóyínká ṣe olóòtú The Eagle, J. P. Clark sì dá ìwé ewì The Horn sílẹ̀ ní ìparí sáà náà. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ wọn, Achebe lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò ní Èkó, Clark sì ṣiṣẹ́ ní ìwé ìròyìn Daily Express. Ohun tí ìtàn wọn fi hàn ni pé ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ láyè ara rẹ̀, àti pé kì í ṣe ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ìròyìn nìkan ni iṣẹ́ ìròyìn ń fà mọ́ra. Ìṣe yẹn kò tí ì kú. Nínú ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, a máa ń rí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ti òfin àti ti iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ń kọ ìròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí iṣẹ́ náà jẹ́ ẹ̀kọ́ wọn gan-an.

Ẹ̀kọ́ wọ yunifásítì

Ọdún 1961 ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìròyìn kọ́kọ́ wọ yunifásítì ní Nàìjíríà, nígbà tí wọ́n dá Jackson College of Journalism sílẹ̀ ní Nsukka. Orúkọ ìdílé Jackson, tí ó ni Lagos Weekly Record láyé àtijọ́, ni wọ́n fún un. Yunifásítì Èkó tẹ̀lé e ní 1966. Ilé-ẹ̀kọ́ Nigerian Institute of Journalism bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1971, Yunifásítì Ìbàdàn náà sì ní ẹ̀ka tirẹ̀ láàrin sáà yẹn.

Ìyípadà tí èyí mú wá hàn kedere nínú ìgbésí ayé Babátúndé Jose. Ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni nígbà tí ó wọ Daily Times ní 1941, kò sì lọ sí yunifásítì kí ó tó di olóòtú ní 1957. Síbẹ̀, nígbà tí ó di ọ̀gá pátápátá, òun ni ó ṣílẹ̀kùn ilé-iṣẹ́ náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde yunifásítì. Ó rí i pé bí akọ̀ròyìn yóò bá bá mínísítà tàbí adájọ́ sọ̀rọ̀ láìwólẹ̀, ó yẹ kí ìwé tí ó kà bá tiwọn dọ́gba. Láti ìgbà náà ni òbí ti lè fi ọkàn balẹ̀ sọ pé ọmọ òun ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn. Akọ̀ròyìn tí àwọn kan ti ń fojú alárìnkiri wò di ẹni tí ó gba oyè. Ray Ekpu àti Dan Agbese, tí wọ́n wà lára àwọn tí ó dá ìwé ìròyìn Newswatch sílẹ̀, jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde Yunifásítì Èkó.

Ewu iṣẹ́ àti ìfẹ́ iṣẹ́

Ìjọba ológun dán ìfẹ́ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí wò. Òfin Kẹrin tí wọ́n ṣe ní 1984 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti tẹ ìròyìn tí ó lè fi òṣìṣẹ́ ìjọba ṣẹ̀sín jáde. Òfin náà ni wọ́n fi rán Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti The Guardian lọ sẹ́wọ̀n. Ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹwàá, ọdún 1986, bọ́ǹbù inú lẹ́tà pa Dele Giwa, olóòtú àgbà Newswatch, nínú ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà. Ní 1995, wọ́n ju Kúnlé Àjíbádé, tí ó kàwé ní Yunifásítì Ifẹ̀, sẹ́wọ̀n pẹ̀lú àwọn akọ̀ròyìn mìíràn. Ọdún 1998 ni ó tó jáde.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan, ìyà tí àwọn wọ̀nyí jẹ ni ó sọ iṣẹ́ náà di iṣẹ́ akin. Ìdí mìíràn sì yọjú tí àwọn ẹlòmíràn fi gba ọ̀nà ibòmíràn lọ. Òfin ọdún 1992 fún aládàáni láṣẹ láti dá ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn sílẹ̀. Ohùn dídùn àti ojú tí ó ṣeé wò di ọjà. Báǹkì àti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ń wá alukoro, owó tí wọ́n ń san sì ń wọlé lóṣooṣù, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn ń jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lọ ṣe ìdánrawò lẹ́nu iṣẹ́, tí ó rí ọ̀gá rẹ̀ tí ó ń dúró de ẹ̀gúnjẹ ní ibi ìpàdé oníròyìn, kò nílò ẹni tí yóò tún sọ fún un bí iṣẹ́ náà ṣe rí.

Àjọ tí ó ń mójú tó yunifásítì pàápàá gba ìyípadà yìí wọlé. Ní nǹkan bí ọdún 2020, ó pín ẹ̀kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Mass Comm sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ìròyìn kíkọ, ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, ìpolówó ọjà, iṣẹ́ alukoro àti fíìmù fi dá dúró. Ìpínyà náà ní èrè: ẹni tí ó bá yan ìròyìn kíkọ, òun ni ó dìídì yàn án. Ó sì ní ewu: ó rọrùn láti ka iye àwọn tí kò yàn án.

Èdè tí kò rí àyè nínú kíláàsì

Nínú gbogbo ìtàn yìí, ohun kan ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìròyìn wọ yunifásítì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó bá wọlé. Ìwé ìròyìn Yorùbá kò sì kú: Gbohùngbohùn jáde ní Ìbàdàn ní 1970, Ìsọ̀kan jáde ní 1980, Aláròyé sì gbòde ní 1996. Ṣùgbọ́n láti ibòmíràn ni àwọn ìwé wọ̀nyí ti ń rí òṣìṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹ̀ka Yorùbá mọ èdè, ó mọ òwe àti àṣà, ṣùgbọ́n a kò kọ́ ọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ wá ẹnu olóṣèlú tàbí bí a ti ń ka ìṣirò ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́jáde ìròyìn mọ èyí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ó ka ìròyìn ní Yorùbá, ìtumọ̀ kánkán láti inú Gẹ̀ẹ́sì ni yóò ṣe. Ẹni méjì ni yunifásítì kọ́ ní ìdajì-ìdajì, nígbà tí iṣẹ́ náà ń wá odindi ẹnì kan.

Kì í ṣe pé èdè náà kò lè gbé ẹ̀kọ́ náà. Ní àwọn ẹ̀ka Yorùbá, wọ́n ti ń fi Yorùbá kọ́ni ní gírámà àti lítíréṣọ̀ láti ọdún gbọọrọ, ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ sì ti jáde láti 1984. Ohun tí ó kù ni kí ẹ̀ka méjèèjì jọ jókòó. Nígbà tí BBC bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka Yorùbá rẹ̀ ní oṣù Kejì, ọdún 2018, ó hàn pé a lè gba owó iṣẹ́ tí ó jọjú nítorí pé a mọ ìròyìn kọ ní èdè yìí. Ìrètí irú èyí ni kò sí níwájú akẹ́kọ̀ọ́ ogún ọdún sẹ́yìn.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn ọ̀dọ́ ilé ìtẹ̀wé Abẹ́òkúta ń lépa iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn ti sáà òmìnira ń lépa ìṣèlú. Àwọn ti sáà Jose ń lépa ọlá tí oyè yunifásítì ń fúnni. Àwọn ti òde òní ń wá iṣẹ́ tí yóò bọ́ wọn. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò tọ́ kí àgbà máa bá ọmọ wí pé kò fẹ́ràn iṣẹ́ tí àwọn tí ó ni ín kì í sanwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n adanù wà níbẹ̀. Bí àwọn tí wọ́n kọ́ ìròyìn kò bá kọ ìròyìn, tí àwọn tí wọ́n sì kọ ọ́ kò lè kọ ọ́ ní èdè tí ìyá alátà ní Ọjà Ọba gbọ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ ìlú kàn jù ni yóò gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Kí ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lè dé etígbọ̀ọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá ní 1859. Ọwọ́ àwọn tí wọ́n ń ṣètò ẹ̀kọ́ ní yunifásítì, àti ọwọ́ àwọn tí wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ìròyìn, ni ó wà láti tún ọ̀nà náà là fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ rìn ín.