Ọmọ Kan, Àga Méjì: Ìtàn Fọ́tò Ìbejì ní Ilẹ̀ Yorùbá

Fọ́tò kan wà tí àwọn tí ó ń kọ́ nípa iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Adúláwọ̀ mọ̀ dáadáa. Sítúdíò kan tí ó ń jẹ́ Simple Photo ní Ìlá-Ọ̀ràngún ni ó yà á. Ìbẹta ni ó wà nínú rẹ̀: obìnrin kan, ọkùnrin méjì. Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ yóò kà wọ́n, wọn yóò sì pé mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ni ó dé iwájú kámẹ́rà. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ti kú ṣáájú. Onífọ́tò ya ọmọbìnrin náà bí ó ṣe rí, wọ́n wá wọ aṣọ ọkùnrin fún un, ó tún yà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì tẹ àwòrán kejì yìí lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹnì kan ṣe di mẹ́ta nìyẹn.

Stephen Sprague, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa irú fọ́tò yìí, nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó gbé jáde nínú ìwé ìròyìn African Arts ní ọdún 1978. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni bí Yorùbá ṣe ń fi fọ́tò wo ara wọn.

Ìdí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá síbí ni pé fíìmù tún ti ń padà bọ̀ láàrin àwa ọ̀dọ́. Kámẹ́rà bàbá àgbà tí ó ti ń sùn nínú àpótí ti jáde síta. Àwọn akẹgbẹ́ wa ń gbé e kọ́rùn rìn ní Dùgbẹ̀ àti ní Balógun, wọ́n ń ya èrò ọjà, wọ́n sì ń ya àwòrán kan lé òmíràn lórí kí dáńfó àti ojú ènìyàn lè wọnú ara wọn. Ó wuyì. Àmọ́ bí a bá béèrè ibi tí àrà náà ti ṣẹ̀ wá, Paris àti New York ni a máa ń gbọ́. Ohun tí a fẹ́ sọ níbí ni pé àwọn onífọ́tò ilẹ̀ wa ti lo ọgbọ́n tí ó bá èyí tan, wọ́n sì ti fi ṣe iṣẹ́ tí ó wúwo ju eré lọ.

Bí nǹkan méjì ṣe ń wọ inú fọ́tò kan

Níwọ̀n ìgbà tí a kò bá tíì fọ fíìmù, gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ó bá kàn án ni yóò gbà. Ojú kámẹ́rà á ṣí, ìmọ́lẹ̀ á wọlé, á sì fi àmì sára fíìmù. Bí ẹni tí ó ń yà á kò bá yí fíìmù síwájú, tí ó tún ṣí ojú kámẹ́rà, àmì kejì á bọ́ sórí àkọ́kọ́. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àtijọ́, kò sí ohun tí ó ń dí èyí lọ́wọ́, nítorí ọ̀tọ̀ ni ohun tí a fi ń yí fíìmù, ọ̀tọ̀ ni èyí tí a fi ń ṣí ojú kámẹ́rà. Nígbà tí ó yá ni àwọn tí ó ń ṣe kámẹ́rà so méjèèjì pọ̀, kí ènìyàn má baà ya nǹkan lé nǹkan lórí láìmọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà, ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀.

Èkíní ni kí a ya àwòrán méjì sí ojú kan náà. Níbí, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ni a ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fọ́tò á funfun ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ó ń lo fíìmù 400 fi máa ń yí kámẹ́rà sí 800. Ibi tí ó dúdú nínú àwòrán àkọ́kọ́ ni èkejì ti máa ń hàn jù, torí pé fíìmù kò tíì gba ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀. Àwọn méjèèjì á wọnú ara wọn, a ó sì máa rí ọ̀kan gba inú èkejì.

Èkejì ni kí a fi nǹkan dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà. A ó ya ẹni tí ó jókòó lápá òsì, a ó gbé ìbòjú náà sí apá kejì láìyí fíìmù, ẹni náà á sún sọ́tùn-ún, a ó tún yà á. A kì í dín ìmọ́lẹ̀ kù níbí, nítorí ẹ̀ẹ̀kan péré ni apá kọ̀ọ̀kan ń rí i.

Ẹ̀kẹta kò kan kámẹ́rà rárá. Inú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ni iṣẹ́ náà wà. Onífọ́tò á bo ìdajì pépà, á tẹ nẹ́gátíìfù sórí ìdajì tí ó ṣí sílẹ̀, á wá bo èyí tí ó ti tẹ̀, á sì tẹ nẹ́gátíìfù kan náà, tàbí òmíràn, sórí ìdajì tí ó kù.

Ọ̀nà kẹta yìí ni Sprague ṣàlàyé pé àwọn onífọ́tò ìbejì ń lò. Bí Táyé àti Kẹ́hìndé bá jẹ́ ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì, tí ọ̀kan sì ti kú, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa ya èyí tí ó kù, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ jókòó ni. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin kan àti obìnrin kan, wọ́n á yà á nínú aṣọ ọkùnrin, wọ́n á tún yà á nínú aṣọ obìnrin. Ìlà máa ń wà ní àárín níbi tí ìdajì méjèèjì ti pàdé. Onífọ́tò tí ọwọ́ rẹ̀ dá á pa ìlà náà mọ́ débi pé agbára káká ni ojú fi máa rí i. Nínú fọ́tò àwọn mìíràn, ó hàn gbangba.

Òkú bí èéfín, òkú tí ó jókòó

Àwọn òyìnbó náà ti lo àwòrán méjì láti mú òkú padà wá. Ní Boston, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1860, ọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ William Mumler, tí ó ń fín ọnà sára wúrà àti fàdákà tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ta fọ́tò tí òkú ti ń dúró lẹ́yìn alààyè. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láti 1861 sí 1865, ti sọ ọ̀pọ̀ ilé di ilé ọ̀fọ̀, oníbàárà kò sì wọ́n Mumler. Ní 1869, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní New York pé ó ń lu jìbìtì. P. T. Barnum, gbajúmọ̀ onísáàkì, wá jẹ́rìí takò ó. Adájọ́ dá a sílẹ̀ nítorí pé ẹ̀rí kò tó. Lẹ́yìn náà, Mary Todd Lincoln, opó ààrẹ Abraham Lincoln, lọ ya fọ́tò lọ́dọ̀ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì hàn lẹ́yìn rẹ̀ bí òjìji.

Ẹ fi èyí wé fọ́tò ìbejì. Lọ́dọ̀ Mumler, òkú fẹ́lẹ́ bí èéfín, a ń rí ògiri gba ara rẹ̀ kọjá. Bí ó bá ki bí alààyè, ta ni yóò gbà pé òkú ni? Lọ́dọ̀ onífọ́tò Ìlá, òkú ní ara. Ó jókòó sórí àga tirẹ̀, ó wọ aṣọ tirẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó kọjú sí wa. Kò sí ẹni tí ó lè nawọ́ sí i pé èyí ni ẹni tí ó lọ. Mumler ń ta ẹ̀rí fún ẹni tí ó ń ṣiyèméjì pé òkú ṣì wà. Ìyá ìbejì kò béèrè ẹ̀rí. Ohun tí ó ń wá ni àyè tí ọmọ rẹ̀ kejì yóò máa jókòó sí.

Láti ọ̀dọ̀ agbẹ́gilére dé ọ̀dọ̀ onífọ́tò

Àyè yẹn ti wà kí kámẹ́rà tó dé. Àwa ni a máa ń bí ìbejì jù ní ayé. Ìwádìí tí Nylander ṣe ní ẹkùn Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1980 fi hàn pé nínú ẹgbẹ̀rún ìbímọ, nǹkan bíi 45 ló ń jẹ́ ìbejì, nígbà tí ti ilẹ̀ Yúróòpù kò ju nǹkan bíi 12 lọ. Igbó-Ọrà sì ti di orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ìbejì. Àmọ́ ìbejì sábà máa ń kéré nígbà tí a bá bí wọn, ikú sì máa ń tètè mú wọn. Ìgbàgbọ́ àwọn bàbá wa ni pé ọ̀kan kò ṣeé dá fi sílẹ̀ láìsí èkejì, torí náà bí ọ̀kan bá lọ, wọ́n á lọ bá babaláwo, wọ́n á sì ní kí agbẹ́gilére gbẹ́ ère. Ìyá á máa wẹ ère náà, á fi osùn pa á, á máa fún un lóúnjẹ, á máa wọṣọ fún un.

Ohun kan tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé ère ìbejì kì í jọ ọmọ ọwọ́. Àgbàlagbà ni wọ́n máa ń gbẹ́: irun dídì, ọmú, ara tí ó ti gbó. Ohun tí ọmọ náà ì bá dà ni wọ́n gbẹ́. Fọ́tò ìbejì ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà lọ́nà mìíràn. Ọmọ tí ó ṣẹ́kù ń dàgbà, ó sì ń gbé èkejì rẹ̀ dàgbà pẹ̀lú ara rẹ̀. Bí wọ́n bá yà á ní ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ ọdún mẹ́fà ni èyí tí ó kú ní ọmọ oṣù mẹ́ta yóò jẹ́ nínú fọ́tò.

Bí ẹ̀sìn Kírísítì àti Ìsìláàmù ṣe ń gbilẹ̀, ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ ìdílé láti máa tọ́jú ère nínú ilé. Àwọn kan ra ọmọláńgidi oníke dípò rẹ̀. Àwọn mìíràn gbé fọ́tò kọ́ sára ògiri pálọ̀, láàrin fọ́tò ìgbéyàwó àti ti bàbá àgbà, níbi tí àlùfáà lè wọlé, kí ó jókòó sí abẹ́ rẹ̀, kí ó má sì rí nǹkan kan wí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal tú ọ̀rọ̀ náà “àwòrán” sí ohun tí a ń wò láti fi rántí. Àwa tí a ń kọ́ mọfọ́lọ́jì lè jiyàn lórí ìtúpalẹ̀ yẹn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn fọ́tò ìbejì, ìtumọ̀ náà bá a mu wẹ́kú.

Ìgboro àti ojú méjì

Inú sítúdíò nìkan kọ́ ni onífọ́tò wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa ṣì rántí àwọn oní “wait-and-get” tí ó ń gbé kámẹ́rà onípákó kalẹ̀ sí etí títì, ní tòsí ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé ìjọba. Inú àpótí kámẹ́rà náà ni yàrá òkùnkùn wọn wà. Wọ́n á ya oníbàárà sórí pépà, wọ́n á fọ̀ ọ́ nínú àpótí, wọ́n á tún wá ya pépà náà fúnra rẹ̀ kí dúdú lè di funfun, kí funfun sì di dúdú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ya ẹnì kọ̀ọ̀kan kí fọ́tò kan tó jáde.

Nínú àwọn tí ó sọ ìgboro di iṣẹ́ ọnà, Akinbode Akinbiyi ni kí a kọ́kọ́ dárúkọ. Oxford ni wọ́n bí i sí ní 1946, àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ó kọ́ lítíréṣọ̀ kí ó tó kọ́ ara rẹ̀ ní fọ́tò yíyà, Berlin ni ó sì ń gbé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ti fi ń fẹsẹ̀ rìn káàkiri Èkó àti àwọn ìlú ńlá mìíràn, tí ó ń ya fọ́tò dúdú àti funfun lórí fíìmù. Kámẹ́rà olójú méjì ni a mọ̀ ọ́n mọ́: ojú òkè ni a fi ń wòran, ojú ìsàlẹ̀ ni ó ń ya àwòrán. Fíìmù kan nínú rẹ̀ kò ju fọ́tò 12 lọ. Ẹni tí ó ní 12 péré yóò wò ó dáadáa kí ó tó tẹ̀ ẹ́.

Kí ni èyí kàn wá sí?

Ó kàn wá nítorí pé fọ́tò ni ìwé ìtàn ọ̀pọ̀ ìdílé wa. Bí òpìtàn ọ̀la bá ṣí álúbọ́ọ̀mù kan, tí ó rí ọmọ méjì tí wọ́n jókòó, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ méjì ni wọ́n jọ dàgbà nínú ilé náà. Ìlà tín-ín-rín tí ó wà láàrin fọ́tò ni ó lè sọ òdodo fún un, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kà sì ń dínkù. Bí onífọ́tò bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ á kó àpótí nẹ́gátíìfù jáde kí wọ́n lè fi ṣọ́ọ̀bù náà háyà. Òjò á pa á, tàbí kí wọ́n sun ún pẹ̀lú pàǹtí. Fọ́tò tí ó kù lára ògiri kò ní orúkọ lẹ́yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kámẹ́rà, ẹ máa ya ìgboro lọ, kí ẹ sì máa ya nǹkan lé nǹkan lórí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ilé ní ìsinmi yìí, ẹ sọ fọ́tò ìbejì tí ó wà ní pálọ̀ kalẹ̀. Ẹ wo àárín rẹ̀ bóyá ìlà wà níbẹ̀. Ẹ wo aṣọ, ẹ wo ojú, ẹ wò ó bóyá àga kan náà ni. Lẹ́yìn náà ẹ rọra bi màmá àgbà léèrè, nígbà tí ara bá tù wọ́n, pé ta ni Táyé, ta ni Kẹ́hìndé, ta ni ó jókòó fún èkejì. Bí wọ́n bá dá yín lóhùn, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò, orúkọ àti ọdún, kí ẹ tó gbé e padà síbi tí ó wà.