Ewé Tó Pẹ́ Lára Ọṣẹ

Àwọn àgbà ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ẹni tó bá ti ra ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi ewé pọ́n rí mọ ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó pa á lówe. Lọ́jọ́ kìíní, ewé ṣì ń jẹ́ ewé. Èèyàn lè ṣí i kúrò kó sọ ọ́ nù. Bó bá pẹ́, ọṣẹ á ti wọ̀ ọ́ lára, á rọ̀, á dúdú, á lẹ̀ típẹ́típẹ́ débi pé àtewé àtọṣẹ ni kànìnkànìn máa jọ gbé, wọn á sì jọ hó. Ìyàwó tó ti di ará ilé ọkọ la sábà máa ń pa á fún, tàbí àlejò tó ti di onílé. Èmi fẹ́ fi sọ ọ̀rọ̀ olórin tó mú orin ẹlòmíràn tó tún un kọ, nítorí mi ò tíì rí òwe tó là á yéni tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ewé tó fara kan ọṣẹ ló ń di ọṣẹ. Ìgbà tó lò níbẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Ní Ìsọlọ̀ níbí, kò sí òpin ọ̀sẹ̀ tí a kì í gbọ́ orin àtúnkọ. Ẹgbẹ́ olórin tí wọ́n pè síbi òkú àgbà tàbí ìgbéyàwó á fi Ebenezer Obey bẹ̀rẹ̀, wọn á bọ́ sórí Sunny Adé, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ Barrister. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa: orin kò yí, orúkọ ló yí. Níbi tí olórin àkọ́kọ́ ti ki olówó ayé ọjọ́un, ẹni tó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn á yọ orúkọ náà, á fi ti olóde sí i. Bí orúkọ bá gùn jù, á gé e kó lè bá ìlù mu, owó á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ewé ọjọ́ kan ni. Bí òde bá ti tú, orin ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín.

Ní ti fújì, ẹni tó ni ín kò jìnnà sí wa. Ìsọlọ̀ ni Fuji Chamber, ilé Àlàájì Síkírù Àyìndé Barrister, wà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí ní December 2010. Òun náà ti ṣe ewé rí. Láti kékeré ló ti ń kọ wéré, orin tí wọ́n fi ń jí àwọn aláàwẹ̀ sí sààrì, ó sì pẹ́ nídìí rẹ̀ kó tó fà á yọ di fújì. Wasiu Àyìndé tí a ń pè ní K1 lónìí ru ohun èlò orin fún un kó tó dá dúró, orúkọ Barrister náà ló sì kọ́kọ́ ń jẹ́ mọ́ tirẹ̀.

Ẹni tó wá fi odidi àwo ṣe àtúnkọ bí ewé tó pẹ́ lára ọṣẹ lójú ayé ni olórin Angélique Kidjo, ọmọ Ouidah ní Benin, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Fọ̀n, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Ó ń gbé orin tirẹ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sí pé àìlórin ló mú un lọ sídìí orin olórin. Ní 1983, nígbà ìjọba Kérékou ní Benin, ó sá lọ sí Paris. Níbi àríyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ti gbọ́ Once in a Lifetime, orin Talking Heads, ẹgbẹ́ olórin aláwọ̀ funfun láti New York. Ó ní orin Áfíríkà lèyí. Wọ́n ní rárá, rọ́ọ̀kì ni. Òun ló jàre. Ọdún 1980 ni Remain in Light, àwo tí orin náà wà nínú rẹ̀, jáde, Brian Eno tó bá wọn ṣe é kò sì fi bò rí pé Fela ló kó sí òun lórí, pàápàá àwo Afrodisiac. Orí Agege Motor Road tó gba Òṣòdì kọjá yìí náà ni Kalakuta, ilé Fela, wà, kí àwọn ṣọ́jà tó dáná sun ún ní February 1977. Orin àdúgbò wa ló rìn dé New York, tí Kidjo wá gbọ́ ní Paris.

Ọdún 35 ló fi gbé e sínú. Ní 2018 ló tó kọ Remain in Light látòkè délẹ̀, ó fi èdè ilé rẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀, ó sì pe Tony Allen tó lùlù fún Fela nínú Afrodisiac kó wá bá òun lù ú. Níbi tí David Byrne, akọrin Talking Heads, ti ń kọrin bí ẹni tí ayé rú lójú, Kidjo ń kọ ọ́ bí ẹni tó mọ ojú ọ̀nà ilé. Ẹ fi àwo méjèèjì sí i tẹ̀lé ara wọn, ẹ ó gbọ́ ọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gbé Celia jáde: orin mẹ́wàá tí Celia Cruz, ọmọ Havana tó kú ní 2003, ti kọ. Ọmọdébìnrin ni Kidjo nígbà tó rí Celia lórí ìtàgé ní Cotonou. Ẹlẹ́gbára, Yemọja àti Ọya wà nínú àwọn orin náà. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé orúkọ wọ̀nyí sọdá òkun, Celia fi ohùn Cuba kọ wọ́n, ọmọ obìnrin Yorùbá tún gbà wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ní January 2020, àwo yìí gba àmì ẹ̀yẹ Grammy mọ́ African Giant ti Burna Boy lọ́wọ́. Kidjo fi ẹ̀bùn náà yẹ́ Burna sí lórí ìtàgé, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn nílé bínú pé orin àtúnkọ borí orin tuntun. Mi ò bá wọn bínú. Ta ni ká sọ pé ó ni orin tí a fi ń pe Ẹlẹ́gbára, tí a óò fi sọ pé ṣe ni Kidjo yá a?

Ohun tó ń dùn mí ni pé a kò tíì fi irú sùúrù bẹ́ẹ̀ bá Barrister lò. Ó wù mí kí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń fi gìtá kọ orin ara wọn mú Fuji Garbage ti 1988, kó jókòó tì í fún ọdún mélòó kan, kó yọ ìlù kúrò nídìí rẹ̀, ká gbọ́ bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe jinlẹ̀ tó. Kó kọ́kọ́ dé Fuji Chamber lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn ọmọ olórin, kó sì san ẹ̀tọ́ wọn fún wọn kó tó wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀.