Láti Ìjàpá dé Fan Clutch: Ìtàn Ooru Lójú Ọ̀nà Àgbádárìgì

Bí ẹ bá wọ danfo ní Mile 2 tí ẹ ń lọ sí Okokomaiko, kí ẹ tó dé Ìyànà-Ìbà, ẹ ó gbọ́ tí kọ̀ńdọ́ á ké "Volkswagen!" Ọkọ̀ kọ́ ló ń tà o, ibùdókọ̀ ló ń pè. Ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀jọ́ ní oṣù Kẹta ọdún 1975, ló fún ibẹ̀ lórúkọ.

Ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ń tò níbẹ̀ ni èyí tí àwọn òbí wa ń pè ní ìjàpá. Ìjàpá ò ní rédíétọ̀, kò sì mu omi. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, fáànù kan tí bẹ́líìtì ń yí ló sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, fáànù náà ń yí, àfi tí bẹ́líìtì bá já.

Àmọ́ òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ọkọ̀ náà ti ń wá, owó òkèèrè ni wọ́n sì fi ń rà wọ́n. Nígbà tí ìjọba Babangida gbé ètò SAP dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun wá wọ́n kọjá agbára olùkọ́ àti akọ̀wé. Tòkunbọ̀ gba ọjà. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1990, Volkswagen ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Ọ̀jọ́.

Lára àwọn tòkunbọ̀ tó wá gba ojú ọ̀nà wa ni bọ́ọ̀sì Toyota HiAce. Omi ló ń tu ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ lára, fáànù rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rédíétọ̀. Láàárín fáànù àti ẹ́ńjìnnì ni fan clutch wà, ohun rìbìtì kan tí òróró sílíkónì wà nínú rẹ̀. Irin kékeré kan tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín wà níwájú ẹ̀. Bí atẹ́gùn tó gba rédíétọ̀ kọjá bá gbóná, irin yẹn á yí díẹ̀, á ṣí ọ̀nà fún òróró, òróró á di fáànù mú, fáànù á yí kíkankíkan. Bó bá tutù, á dẹwọ́, kí ọkọ̀ má baà jẹ epo lásán. Àwa tí à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ irú òfin yìí dáadáa: bó bá rí báyìí, ṣe báyìí. Ti fan clutch, inú irin ni wọ́n kọ ọ́ sí, láìsí wáyà kankan.

Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ń ran fáànù lọ́wọ́. Tó bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ìyànà-Ìbà, fáànù nìkan ló kù. Bí clutch bá ti kú, omi á hó, gáskẹ́ẹ̀tì á jó, owó oúnjẹ dírẹ́bà á sì bá a lọ. Àwọn kan máa ń de clutch pa kó máa yí ṣáá. Ọkọ̀ á tutù lóòótọ́, àmọ́ á máa pariwo, á máa jẹ epo. Wọ́n ti sọ ọ́ di fáànù ìjàpá padà nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀, èèyàn lè pààrọ̀ ẹ̀ níwájú ilé. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kí ẹ yọ orí bátìrì. Ẹ fọwọ́ yí fáànù: bó bá ń yí fàlàlà, tàbí tí òróró ti jò sára clutch, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin tó dè é mọ́ iwájú water pump kí ẹ tó dẹ bẹ́líìtì, torí bẹ́líìtì ló máa bá yín di púlì mú. Ẹ rọra yọ clutch àti fáànù pọ̀, kó má lọ gbá rédíétọ̀. Ẹ gbé tuntun dúró lóòró, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí òróró má baà jò.

Ẹ lè rí i rà ní ọjà ASPAMDA nínú ọgbà Trade Fair. Ìmọ̀ rẹ̀ ni kò sí lórí àtẹ. Láyé ìjàpá, àwọn tó ń to ọkọ̀ wa ń gbé láàárín wa. Ẹni tó to HiAce ò sí níbí ká bi í; mẹkáníìkì abẹ́ igi ló mọ̀ ọ́n, púpọ̀ nínú wọn ò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ẹ bá gbé ọkọ̀ lọ, ẹ gbójú kúrò lára fóònù díẹ̀. Ẹ bi bàbá yẹn ìdí tó fi ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá.