Ọ̀nà Òkè Ìdáàṣà àti Àwọn Tó Ń Yẹ̀nà

Ìwé ọdún bí irú èyí sábà máa ń sọ̀rọ̀ nípa ọba, nípa òrìṣà àti nípa ogun. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ẹsẹ̀ wa ń tẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tó gun àwọn òkè wa. Díẹ̀ nínú àwọn ọ̀nà náà ti ń di igbó. Bí wọ́n bá sì di igbó tán, kò ní sí ẹni tí yóò lè fi ojú ọmọ rẹ̀ han ibi tí àwọn baba wa sá sí.

Òkè mọ́kànlélógójì ni wọ́n máa ń sọ pé ó yí ìlú wa ká. Èmi kò tíì pàdé ẹni tó kà wọ́n tán. Mọ́kànlélógójì jẹ́ iye kan tí àwọn èèyàn agbègbè yìí fẹ́ràn láti ayébáyé, ó sì lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n fẹ́ sọ kò ju pé òkè wa pọ̀. Orúkọ ìlú fúnra rẹ̀ tún ṣe kedere ju ìyẹn lọ. Igbó Ìdáàṣà ni àwa ń pè é. Dassa-Zoumè tí àwọn Fọ̀n ń pè é, tí ìjọba sì kọ sínú ìwé, ohun kan náà ló ń sọ, nítorí inú igbó ni zoumè túmọ̀ sí. Ẹni tó ń gbé inú igbó láàárín àpáta mọ̀ pé bí a kò bá ro ọ̀nà, kì í pẹ́ tí igbó fi ń gbà á padà.

Ìtàn wa sọ pé láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni Jagun Ọlọ́fin ti wá, láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ìdílé ọba Ọmọ Jagun ti ṣẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá tó kù sílé náà padà wá sá sábẹ́ àpáta: ní nǹkan bí ọdún 1830 ni wọ́n tẹ̀dó sí ìdí Olúmọ, ibẹ̀ ló sì di Abẹ́òkúta. Ohun tí Olúmọ ṣe fún wọn ni àwọn òkè wa ṣe fún wa. Láyé Ghezo, tó jọba ní Dahomey láti 1818 sí 1858, àti láyé Glèlè ọmọ rẹ̀, tó wà lórí oyè títí di 1889, ogun Dahomey kò jẹ́ kí ilẹ̀ Mahi àti ilẹ̀ Yorùbá tó wà nítòsí sinmi. Wọ́n kọlu Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, Abẹ́òkúta sì lé wọn padà. Kétu kò rí wọn lé: wọ́n kó o ní 1886. Odi àti yàrà ni Kétu gbẹ́kẹ̀ lé. Àwa ní òkè.

Ẹ jẹ́ ká ro ohun tí èyí jẹ́ fún ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Lónìí, ọ̀nà tó dára ni èyí tí àlejò lè rí láti òkèèrè. Láyé ogun, òdìkejì rẹ̀ ni. Ẹni tó bá pa koríko mọ́ tónítóní láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ọ̀tá ló bá ṣiṣẹ́. Nítorí náà, lójú tèmi, mímọ ibi tí a kò gbọdọ̀ pa koríko yóò ti jẹ́ ara iṣẹ́ ọ̀nà nígbà náà. Obìnrin tó ń pọnmi gòkè láàárọ̀ gbọ́dọ̀ rí ibi tí yóò fẹsẹ̀ tẹ̀, àjèjì kò sì gbọdọ̀ rí i. Bí ẹ bá wo díẹ̀ nínú àwọn ọ̀nà àtijọ́, ẹ ó rí i pé wọn kò gba ibi tó rọrùn jù. Wọ́n yí gba àárín àpáta méjì, níbi tí èèyàn kan ṣoṣo lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Mo ti gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ fún àlejò pé àwọn baba wa kò mọ ọ̀nà là. Wọ́n mọ̀ ọ́n là dáadáa.

Abomey bọ́ sọ́wọ́ àwọn Faransé ní oṣù kọkànlá 1892, Béhanzin sì fa ara rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ ní oṣù kìíní 1894. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ojú irin tó ti Kùtọnu wá gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ó sì dé Ṣábẹ ní 1911. Ọjà tẹ̀lé ojú irin, ilé tẹ̀lé ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Ìdànrè ní Nàìjíríà ṣe sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wọn ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Àwọn ní àtẹ̀gùn 667 tí gbogbo ayé mọ̀, tó ń gbé àlejò gòkè. Ẹsẹ̀ ló ń la ọ̀nà tiwa, ẹsẹ̀ tó ń gòkè sì ti dín kù.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí a kì í sábà mẹ́nu bà. Lábẹ́ ìjọba Faransé, iṣẹ́ ọ̀nà di iṣẹ́ ipá. Wọ́n ń kó èèyàn lọ la títì, ẹni tó bá kọ̀ á jìyà. Oṣù kẹrin 1946 ni òfin tó fòpin sí i jáde. Àwọn tó fojú rí i ti ń lọ tán, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ìkórìíra iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ọmọ wọn. Títí di òní, bí ẹ bá pe àwọn kan pé kí wọ́n wá ro ọ̀nà ìlú, ojú ẹni tí wọ́n fẹ́ rẹ́ jẹ ni wọ́n fi ń wò yín. Àmọ́ ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí iṣẹ́ ipá. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tó níṣẹ́ á bẹ èèyàn, á fún wọn lóúnjẹ àti ọtí, olúkúlùkù á sì lọ sílé rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Mọ́tò kò lè gba ọ̀nà òkè, ìjọba kò sì bìkítà nípa rẹ̀. Àwọn tó ní ojúbọ lókè, àwọn tó ní oko ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn tó ń lọ pa bẹẹrẹ fún òrùlé ló ń tọ́jú rẹ̀. Páànù ti gba ipò bẹẹrẹ báyìí. Ẹ lè fojú inú wo bí iye àwọn tó ń tọ́jú ọ̀nà ṣe dín kù.

Láti 1954 ni ihò àpáta Arigbo ti di ibi àdúrà àwọn Kátólíìkì sí Màríà, èrò sì máa ń wọ́ wá ní oṣù kẹjọ ọdọọdún. Ibẹ̀ mọ́, ó sì ṣeé rìn. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè sọ pé a kò mọ ìtọ́jú ọ̀nà ní ìlú yìí. Ẹ̀yìn àwọn òkè, níbi tí èrò kì í dé, ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ọ̀nà òkè gbọ́dọ̀ mọ ìgbà. Ẹnubodè la wà láàárín gúúsù tó ń rí òjò nígbà méjì lọ́dún àti àríwá tó ń rí i lẹ́ẹ̀kan. Òjò wa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó ń bá a lọ dé oṣù kẹwàá. Lọ́dún mìíràn, oṣù kẹjọ á dákẹ́ díẹ̀. Lọ́dún mìíràn, kò ní dákẹ́ rárá. Nǹkan dúdú tó bo ara àpáta, tí a ń rò pé àwọ̀ òkúta ni, ohun alààyè tín-tìn-tín ni. Bí omi bá ti kàn án, yíyọ̀ ló kù. Àpáta kì í mu omi. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀ ló ń ya wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ ló sì ń gbà bíi gọ́tà. Á gbẹ́ erùpẹ̀ lọ, gbòǹgbò igi á yọ síta. Ẹni tó ń kọjá á rí kòtò láàárín ọ̀nà, á fi ẹ̀gbẹ́ gbà, ẹlòmíràn á tún fi ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gbà, ọ̀nà kan á di mẹ́ta.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó púpọ̀. A ó to òkúta ní ìdábùú ọ̀nà, kó dagun díẹ̀, kí omi lè yà sínú igbó. Oṣù kejì ló yẹ ká tò ó, kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé. Ti koríko yàtọ̀. Bí a bá pa á ní oṣù keje, á ti hù padà kí oṣù kẹsàn-án tó dé. Oṣù kọkànlá ni àsìkò rẹ̀, nígbà tí òjò ti dá, tí ọyẹ́ kò sì tíì gbẹ ẹ́ di ohun tí iná ń wá. Àwọn kan ń sọ pé kí a fi sílẹ̀, pé iná ìgbẹ́ á bá wa yẹ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́. Iná kì í yẹ̀nà. Ìhòòhò ló ń tú ilẹ̀ sí, òjò àkọ́kọ́ á sì kó erùpẹ̀ tí iná kò rí jó lọ.

Ẹ̀yin aṣojú wa, ìtọ́jú ọ̀nà ìgbèríko wà lára iṣẹ́ kọmúnì. A kò ní kí ẹ wá bá wa pa koríko. Ẹ bá wa wá àdá, ìbọ̀wọ́ àti oúnjẹ ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ sì gbà kí a kọ orúkọ àwọn ọ̀nà náà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì yín, kí ẹni tó ń fọ́ òkúta tà má baà gé wọn. Ohun kan tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe ni kí ẹ sanwó ojúmọ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Bí owó bá wà lọ́dún yìí, tí kò sí lọ́dún tó ń bọ̀, kò sí ẹni tí yóò jáde. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa kò gbà pẹ̀lú mi lórí èyí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó gbé àdá, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ojúbọ. Àwọn ibì kan wà lókè tí wọn kì í gé igi wọn. Òjò máa dá láìpẹ́. Ẹni tó bá ní àdá, kó pọ́n ọn ní ìparí oṣù kẹwàá. Àárọ̀ kùtùkùtù Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá ni ká pàdé ní ìsàlẹ̀ òkè, kí oòrùn tó mú àpáta gbóná. Ẹ gbé omi dání, nítorí kò sí kànga lókè.