Ẹ̀jẹ̀ Tó Gbà Wá Lọ́wọ́ Ibà

Ìyá tó bí ìyá mi, ní Ìpájà, sin ọmọ mẹ́ta kó tó bí èyí tó dúró. Wọ́n ní àbíkú ni, wọ́n sì fi abẹ sá òkú ẹ̀kẹta lára kó má baà padà wá. Nígbà tí wọ́n bí ìyá mi, wọ́n so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní Málọmọ́. Láàbù ni mo fi ń jẹun ní Ìyànà Ìpájà, mo sì gbà pé àwọn àgbà yẹn ríran: ikú ń jà nílé kan, ó ń fo ilé kejì. Inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ojú wọn ò tó.

Ìrora egungun tó ń dé, tó ń lọ, tó tún ń padà kò ṣàjèjì sí wọn. Fòníkú-fọ̀ladìde la mọ̀ ọ́n sí. Ní 1910, dókítà James Herrick ní Chicago kọ̀wé nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Grenada tí àìsàn yìí kan náà ń ṣe, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé. Anthony Allison ló wá kọ èyí tó kàn wá jù ní 1954: ibà kì í sábà pa ọmọ tó jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó jogún àbùdá dòjé lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà fi jẹ́ AS. Bí AS méjì bá fẹ́ra, gbogbo oyún tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu SS, ìyẹn fòníkú-fọ̀ladìde gan-an. Ẹ̀jẹ̀ tó gba bàbá àti ìyá lọ́wọ́ ibà, òun náà ló ń gba ọmọ lọ́wọ́ wọn.

Kì í ṣe gbogbo àbíkú ló jẹ́ SS o. Ibà àti ìgbóná náà pa ọmọ rẹpẹtẹ.

Àwọn baba wa ò sì káwọ́ gbera. Orin àta tí à ń rún láàárọ̀, Sofowora àti Isaacs kọ̀wé ní 1971 pé omi gbòǹgbò rẹ̀ ń dá sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ padà sípò. Nínú ìgò láàbù ni, kì í ṣe lára ènìyàn, síbẹ̀ iṣẹ́ yẹn wú mi lórí.

Ọ̀pọ̀ oníbàárà ń da jẹ́nótáìpù, ìyẹn AS àti SS, pọ̀ mọ́ oríṣi ẹ̀jẹ̀ A, B àti O tí Karl Landsteiner ṣàwárí ní Vienna ní 1901. O ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Òun náà ń dènà ibà líle, torí sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ibà wọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí onígbáméjì bá dé, ẹni tó jẹ́ O ló máa ń mú jù.

Nísinsìnyí, ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè ìwé jẹ́nótáìpù kí wọ́n tó so ọkọ àti ìyàwó pọ̀. Ó dára, àmọ́ ó ti pẹ́ jù: aṣọ ẹbí ti wà lọ́dọ̀ télọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ilé ẹ̀kọ́ girama ló yẹ kí ọmọ ti mọ tirẹ̀. Ẹni tó bá ti fẹ́ra tán, kó lọ sí Sickle Cell Foundation ní Ìdí-Àràbà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1994. Wọ́n ń gba tọkọtaya nímọ̀ràn níbẹ̀. Ọmọ SS tó sì ń rí ìtọ́jú gbà lásìkò ń dàgbà, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń bímọ.